Ajá Akàndé Méjèèjì

Ẹni tó bá rò pé iṣẹ́ alábẹ́rẹ́ ẹran rọrùn, kó wá bá mi di ajá ọdẹ mú kí n rí i. Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi ṣe é. Màlúù ti ta mí nípàá, ewúrẹ́ ti jẹ ìwé àṣẹ mi lójú mi báyìí. Obìnrin kan ní Ìdígní ti bẹ̀ mí pé kí n fún ọkọ òun ní abẹ́rẹ́ ajá, nítorí pé ó ń gbó mọ́ òun láràárọ̀. Mo ní, "Ìyá, oògùn tiyín kò sí nínú tẹ́mọ̀sì mi." Gbogbo ìyẹn, mo lè fi rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá bi mí pé ẹranko wo ló kọ́ mi níṣẹ́ gan-an, ajá kéékèèké méjì ni mo máa ń dárúkọ, àwọn tí mo gbé wá láti abúlé kan lẹ́yìn Adakplamẹ̀, nígbà tí òmìnira Dàhòmì ṣì jẹ́ ohun tuntun.

Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni. Àwọn òyìnbó tó ń ṣe àkóso iṣẹ́ ẹran ní Kétu ti kó ẹrù wọn lọ. Wọ́n fi ilé onípáànù kan sílẹ̀ fún wa, àti fìríìjì kan tó ń jó epo kẹrosíìnì, àti kẹ̀kẹ́ méjì tí ọ̀kan kò ní bíréèkì. Èyí tí kò ní bíréèkì ni tèmi. Ọ̀gá wa, tí gbogbo wa ń pè ní Ṣẹ́fù, jẹ́ ọmọ etí òkun, ọkùnrin pẹ́lẹ́ńgẹ́ kan tó ń lo awò ojú, tí kì í pariwo, tó sì gba ohun tí ìwé bá sọ gbọ́ ju ohun tí ojú rẹ̀ rí lọ. Iṣẹ́ mi ni kí n máa lọ láti abúlé dé abúlé, kí n máa fún ajá ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kí wọ́n ya dìgbòlugi. Oògùn náà kò gbọdọ̀ gbóná, ìdí nìyẹn tí mo fi ń gbé e sínú tẹ́mọ̀sì ńlá kan pẹ̀lú yìnyín. Tí mo bá ti gún ajá tán, màá kọ ọ́ sínú kàyé, ìwé àkọsílẹ̀ mi: orúkọ rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀, àti ẹni tó ni ín.

Ibi orúkọ yẹn ni adùn iṣẹ́ náà wà. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé àwa kì í sọ ajá lórúkọ lásán. Ẹni tí aládùúgbò rẹ̀ ń ṣòfófó, tí kò sì fẹ́ bá a jà, á wá ajá kan, á sọ ọ́ ní Òfófókòsunwọ̀n, á máa pè é kíkankíkan níwájú ilé onítọ̀hún. Ìyàwó tí orogún ń yọ lẹ́nu á sọ tirẹ̀ ní Fẹjọ́fọ́lọ́run. Ẹni tí wọ́n ń bá wí kò lè bínú síta. Ṣé òun ni wọ́n pè ni? Ajá ni wọ́n pè! Kàyé mi kún fún ìjà àdúgbò bámúbámú. Tí mo bá ti gbọ́ orúkọ ajá mẹ́ta nínú agbo ilé kan, mo ti mọ ẹni tí kì í kí ẹni níbẹ̀.

Òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, mo dé abúlé tí mo wí yìí. Mo ti gún ajá bíi mẹ́wàá kí n tó rí ọgbà ewúrẹ́ àtijọ́ kan lẹ́yìn ilé. Ajá méjì wà nínú rẹ̀, wọ́n so wọ́n mọ́ òpó. Wọ́n kéré, wọn ò ga ju orúnkún mi lọ. Wọ́n pupa rẹ́súrẹ́sú, àyà wọn àti ọmọ ẹsẹ̀ wọn funfun. Ìrù wọn ká sórí ìdí bí òṣùká, etí wọn nà ró ṣánṣán, iwájú orí wọn sì hunjọ bí ti àgbàlagbà tó ń ro ọ̀rọ̀ ẹbí. Abọ́ oúnjẹ wà níwájú wọn, ẹ̀kọ àti ẹran gbígbẹ, eṣinṣin ti bò ó. Àwọn méjèèjì kẹ̀yìn sí i.

Ọkùnrin kan jáde wá láti inú ilé. Ó ti fá orí rẹ̀ kodoro nítorí ọ̀fọ̀. Àlàbí lorúkọ rẹ̀, ó jù mí lọ díẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀ o, Dókítà," ló wí. Èmi kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe ń pe gbogbo wa nìyẹn.

Bí ó ti la ẹnu báyìí, ajá méjèèjì fò dìde lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n na etí, wọ́n ń wò ó. Ó rí wọn, ó gbójú kúrò, kò sì tún sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Wọ́n padà dùbúlẹ̀. Mo rí gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n mi ò fi sọ́kàn. Òmùgọ̀ ni mí nígbà náà, ẹ má bá mi jiyàn.

"Ta ló ni àwọn wọ̀nyí?" ni mo bi í.

"Ẹ̀gbọ́n mi ni. Akàndé. Ejò ló bù ú jẹ nínú igbó ọdẹ. A sin ín lọ́jọ́ Ẹtì."

"Háà! Ẹ kú ará fẹ́ra kù o. Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un." Mo yọ kàyé mi. "Kí lorúkọ àwọn ajá náà, kí n kọ ọ́?"

"Wọn ò lórúkọ."

"Ajá ọdẹ tí kò lórúkọ? Báwo ló ṣe ń pè wọ́n nínú igbó?"

"Dókítà, mo ní wọn ò lórúkọ." Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn.

Bàbá àgbà tó jẹ́ olórí ẹbí wọn ló fà mí sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó ní láti ọjọ́ tí Akàndé ti kú, àwọn ajá yìí ń mu omi ṣùgbọ́n wọn ò fẹnu kan oúnjẹ. Ó ní àwọn ni wọ́n sáré wálé láti inú igbó, tí wọ́n fi eyín fa Àlàbí láṣọ títí ó fi tẹ̀ lé wọn débi tí òkú wà. "Nítorí náà a ò lè pa wọ́n," ni bàbá wí. "Bẹ́ẹ̀ ni wọn ò ṣeé bá gbé nínú agbo ilé yìí mọ́. Ọmọ mi, bá wa kó wọn lọ."

"Bàbá, èmi kì í ṣe apajá o."

"A mọ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi ń fún ọ."

Kí ni kí n wí? Mo yá apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ń kó iṣu, mo dì í mọ́ ẹ̀yìn kẹ̀kẹ́, mo gbé àwọn méjèèjì sínú rẹ̀. Wọn ò jà, wọn ò gé mi jẹ. Wọ́n jókòó ṣinṣin, wọ́n yọ orí síta, wọ́n ń wo ọ̀nà bí ìyàwó tuntun tí wọ́n ń gbé lọ sílé ọkọ. Gbogbo ẹni tó rí mi títí dé Kétu ló fi mí rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi, Àbẹ̀kẹ́, dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó fọwọ́ lẹ́rán. "Ẹ ní ẹ ń lọ gún ajá lábẹ́rẹ́, ẹ wá kó ajá relé. Ọpẹ́lọpẹ́ pé kì í ṣe màlúù lẹ lọ gún lónìí."

Irú ajá yìí, àwa tí a bí lórí ilẹ̀ Kétu mọ̀ ọ́n. Ajá ọdẹ ni, àwọn baba ńlá wa ti ń sìn ín. Kì í gbó. O lè bá a gbé fún ọdún mẹ́wàá kí o má gbọ́ gbígbó ẹ̀ẹ̀kan. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń so agogo igi kékeré mọ́ ọn lọ́rùn. Á fi ewé dí ẹnu agogo náà títí wọ́n á fi súnmọ́ ibi tí ẹran wà, lẹ́yìn náà ni yóò yọ ewé, kó lè mọ ibi tí ajá rẹ̀ gbà. Mo mọ gbogbo èyí bí èèyàn ṣe ń mọ ìwà ará ilé kejì. Mi ò tíì bá wọn gbé rí.

Ìgbà tí mo bá wọn gbé ni mo tó mọ̀ pé mi ò mọ nǹkan kan. Wọ́n mọ́ tónítóní, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ nu ojú bí ológbò. Tí Àbẹ̀kẹ́ bá da omi sílẹ̀, wọ́n á yí i po, wọn ò ní tẹ̀ ẹ́. Tí mo bá pàṣẹ fún wọn, wọ́n á wò mí láti òkè délẹ̀, bí ẹni pé mo gbàgbé láti kí wọn kí n tó sọ̀rọ̀. Kì í ṣe pé wọn ò gbọ́. Wọ́n ń rò ó wò ni. Wọn ò bínú sí wa, wọn ò sì fẹ́ràn wa. Wọ́n dà bí àlejò tó mọ ẹ̀kọ́ ilé, tó kàn ń dúró de ẹni tó ń bọ̀ wá mú un. Ó dùn mí, mi ò ní parọ́. Èmi tí mo gbé wọn la eruku kọjá!

Oúnjẹ ńkọ́? Wọn ò jẹ ẹ́. A fún wọn ní àkàsà, wọn ò jẹ. A fún wọn ní ẹja gbígbẹ, wọn ò jẹ. Mo ra ẹran ọ̀yà, èyí tí èmi fúnra mi kò jẹ láti ọdún tó kọjá, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, itọ́ ń dà lẹ́nu wọn, wọ́n sì kẹ̀yìn sí i. Mo pe akọ ní Pupa, mo pe abo ní Ọ̀rẹ́, mo tilẹ̀ fi orúkọ Faransé pè wọ́n. Ẹ ò rí i bí wọ́n ṣe ń wò mí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́rú, Àbẹ̀kẹ́ tó ń fi mí ṣẹ̀fẹ̀ ti wà lórí ìkúnlẹ̀ níwájú wọn, ó ń fi ìka bu oúnjẹ sí wọn létè. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ ẹ́. Ẹ má kú mọ́ mi lọ́wọ́. Kí ni mo fi ṣẹ̀ yín?" Egungun ìhà wọn ti ń yọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà ni abo gbé orí sókè, tó ké. Ẹni tí kò bá gbọ́ ohùn irú ajá yìí rí lè bọ́ síta sá lọ. Kì í ṣe igbe ajá. Ó dà bí ẹni tó ń sunkún tó tún ń rẹ́rìn-ín pọ̀. Bírò, ìyẹn ọ́fíìsì wa, kò jìnnà sílé mi, Ṣẹ́fù sì gbọ́. Ó rọra rìn wá, ó bẹ̀rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò wọ́n láti inú awò rẹ̀. Kò wọlé.

"Ṣé wọ́n ń gbó?"

"Rárá, Ṣẹ́fù. Irú wọn kì í gbó."

"Ní ọ̀dọ̀ wa, gbogbo ajá ló ń gbó. Ṣé wọ́n ń jẹun?"

Mo fẹ́ parọ́. Irọ́ náà dé ẹnu mi, mo gbé e mì. "Láti ọjọ́ Ẹtì, wọn ò jẹun."

Ó lọ mú ìwé ńlá rẹ̀ wá, ó kà á fún mi. Ajá tí ohùn rẹ̀ yí padà, tí kò gbó mọ́, tí kò jẹun, kí a fura sí i pé dìgbòlugi ti wọ̀ ọ́ lára. Mo ní, "Ṣùgbọ́n wọ́n ń mu omi, Ṣẹ́fù! Dìgbòlugi kì í jẹ́ kí ajá gbé omi mì." Mo pariwo mọ́ ọn, èmi tó jẹ́ ọmọ iṣẹ́. Kò pariwo padà. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ní Kùtọnu, mo jókòó ti ọmọ kan tí ajá dìgbòlugi bù jẹ. Ọmọ ọdún mẹ́fà. Mo jókòó tì í títí ó fi kú. Mi ò lè rí irú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì." Ó dá awò náà padà sójú. "Mo fún ọ di òwúrọ̀ Sátidé. Tí wọn ò bá jẹun, màá fún wọn ní abẹ́rẹ́ tó máa mú wọn sùn lọ. Èmi fúnra mi ni màá ṣe é. Mi ò ní jẹ́ kó jẹ́ ìwọ."

Bí ó bá jẹ́ ọ̀gá burúkú ni, ì bá rọrùn fún mi láti bínú sí i.

Ní Ọjọ́bọ̀, mo gun kẹ̀kẹ́ mi padà sí abúlé. Ohun kan ń jẹ mí lọ́kàn. Ajá ọdẹ wo ni kò lórúkọ? Àlàbí ti lọ sóko, ìyá wọn nìkan ni mo bá nílé. Ìyá arúgbó náà jókòó lórí ẹní nínú yàrá ọ̀fọ̀, ojú rẹ̀ kò ríran tó mọ́. Mo dọ̀bálẹ̀, mo bá a kẹ́dùn, mo sì bẹ̀ ẹ́.

"Màmá, ẹ dákun. Kí ni Akàndé ń pe àwọn ajá rẹ̀?"

Ó yí ojú sí ibi tí ohùn mi ti wá. "Ọmọ mi, orúkọ yẹn kò ṣeé pè nínú ilé yìí. Àlàbí ni Akàndé fi ń bá wí."

Ló bá sọ ọ́ fún mi. Nígbà tí bàbá wọn kú, Àlàbí wà ní Àjàṣẹ́, ó ń kọ́ iṣẹ́ bíríkìlà. Wọ́n ránṣẹ́ sí i, kò dé. Akàndé nìkan ló gbẹ́ ilẹ̀, òun nìkan ló sin bàbá. Ọjọ́ kẹjọ ni Àlàbí tó wọlé. Akàndé kò bi í ní nǹkan kan, Àlàbí náà kò ṣàlàyé. Ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ajá Akàndé bí ọmọ méjì.

"Ó sọ akọ ní Ẹniọmọsin," ni ìyá wí. "Ó sọ abo ní Lóbímọ."

Mo gbá orí mú. Ẹni ọmọ sin ló bímọ! Ta ni kò mọ òwe yẹn láàárín wa? Ẹni tí ọmọ rẹ̀ bá sin nìkan la lè sọ pé ó bímọ. Kí a wá máa fi pe ajá lẹ́nu ọ̀nà ọmọ tí kò sin bàbá rẹ̀! Mo ti kọ orúkọ ajá tó ta èèyàn lára sínú kàyé mi, ṣùgbọ́n mi ò tíì gbọ́ irú eléyìí.

"Ọdún mẹ́rin," ni ìyá tún wí. "Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ gbogbo, tí Akàndé bá fẹ́ bọ́ wọn, á dúró láàárín agbo ilé, á pè wọ́n. Àlàbí á gbé oúnjẹ tirẹ̀, á wọ yàrá lọ."

"Màmá, ṣé ó gbọ́dọ̀ pè wọ́n kí wọ́n tó jẹun ni?"

"Bó ṣe kọ́ wọn nìyẹn. Ẹnìkan ti fi májèlé pa ajá rẹ̀ kan rí. Láti ìgbà náà, tí kò bá tíì pe orúkọ wọn, ebi ì báà pa wọ́n kú, wọn ò ní fẹnu kàn án."

Ẹ̀yin èèyàn mi! Kò sí àìsàn kankan lára àwọn ajá yìí. Àṣẹ ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n ń gbọ́ràn sí òkú lẹ́nu, wọ́n sì fẹ́ gbọ́ràn náà títí dé ojú ikú. Omi bọ́ lójú mi níwájú ìyá ọlọ́fọ̀, mi ò tijú. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi bí ẹni tí wọ́n ń lé.

Bí mo ti délé, mo gbé oúnjẹ kalẹ̀, mo dúró, mo pè wọ́n: "Ẹniọmọsin! Lóbímọ!" Wọ́n ta gìrì dìde. Ìrù wọn mì, fún ìgbà àkọ́kọ́. Wọ́n wo ojú mi, wọ́n wá yọjú wo ẹ̀yìn mi, sí ọ̀nà ẹnu ilé. Wọ́n dúró. Wọ́n dúró títí, wọ́n sì padà dùbúlẹ̀, wọ́n kẹ̀yìn sí abọ́. Mo tún pè. Akọ kò tilẹ̀ la ojú.

Àbẹ̀kẹ́ ló sọ ọ́. "Orúkọ yẹn ni, ṣùgbọ́n ohùn yẹn kọ́. Ohùn ẹni tó ni wọ́n ni wọ́n ń retí."

"Ẹni tó ni wọ́n ti kú, Àbẹ̀kẹ́. Níbo ni mo ti fẹ́ rí ohùn rẹ̀?" Bí mo ti sọ ọ́ tán ni mo rántí. Àlàbí lẹ́nu ọ̀nà, tó ní "Ẹ káàbọ̀ o, Dókítà," tí ajá méjèèjì fò dìde. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Ohùn kan náà ni.

Lọ́jọ́ Ẹtì, inú oko ni mo ti bá Àlàbí, ó ń wa iṣu. Mo ro gbogbo rẹ̀ fún un, láti orí dé ìdí. Ó gbọ́ ọ títí, ó wá ju ọkọ́ sílẹ̀.

"Dókítà, ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ ń ní kí n ṣe? Ọdún mẹ́rin ni ẹ̀gbọ́n mi fi ajá bú mi. Àwọn ìyàwó ilé ń fi mí rẹ́rìn-ín. Ní báyìí tó ti dákẹ́, ẹ wá ní kí n máa fi ẹnu ara mi bá a bú ara mi lọ."

Inú bí mi, mo gbàgbé pé ó jù mí lọ. "Ajá ló bú ọ ni? Ajá tó fà ọ́ láṣọ kí òkú ẹ̀gbọ́n rẹ má baà jẹrà sínú igbó, ṣé ohun tí o fẹ́ fi san án fún wọn nìyí?"

Mo rò pé yóò gbá mi létí. Ó jókòó sórí ebè. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀.

"Ọjọ́ keje ni mo tó gbọ́ pé bàbá kú. Ọ̀gá wa ti kó wa kúrò ní Àjàṣẹ́ lọ ṣiṣẹ́ ní Pọ́bẹ̀, ẹni tí wọ́n rán sí mi kò rí mi. Mo fẹsẹ̀ rìn láti Pọ́bẹ̀ dé ibí. Mi ò dúró jẹun lọ́nà."

"Ẹ ò wá sọ fún ẹ̀gbọ́n yín?"

"Kò bi mí. Èmi náà sì ń gbéraga. Mo ní bí ó bá bi mí, màá sọ. Mo ń dúró dè é kó bi mí, fún ọdún mẹ́rin." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Òun ló gbé mi pọ̀n dàgbà, Dókítà. Kò fẹ́yàwó, kò bímọ. Òun ló ń fi ẹran ìgbẹ́ bọ́ mi."

Mo bá a ru nínú iṣu náà, a jọ rìn padà sílé. Ìyá ti jáde síta, ó jókòó lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gbọ́ ìró ẹsẹ̀ wa.

"Àlàbí, ṣé Dókítà ti bá ọ sọ̀rọ̀?"

"Ó ti bá mi sọ̀rọ̀, màmá."

"Ta ló gbẹ́ ilẹ̀ Akàndé?"

"Èmi ni."

"Ta ló wẹ̀ ẹ́?"

"Èmi ni, màmá."

"Ta ló gbé e wọ ilẹ̀?"

"Màmá, ẹ mọ̀ pé èmi ni."

Ìyá arúgbó náà mi orí. "Akàndé kò bí ọmọ kankan. Ìwọ ni ó tọ́ dàgbà. Ìwọ lo sì sin ín. Akàndé bímọ nìyẹn. Lọ bá a pe ajá rẹ̀."

Àlàbí sọ iṣu kalẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Mo dúró títí, kò jáde. Mo gun kẹ̀kẹ́ mi relé, ọkàn mi wúwo, mi ò sì mọ ohun tí màá sọ fún Àbẹ̀kẹ́.

Òwúrọ̀ Sátidé, Ṣẹ́fù dé. Ó wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó gbé àwo kékeré tí abẹ́rẹ́ wà nínú rẹ̀ dání. Ó ti rẹ àwọn ajá débi pé wọn ò lè gbé orí. Àbẹ̀kẹ́ ti jáde kúrò nílé, ó ní òun ò lè wò ó. Mo ní, "Ṣẹ́fù, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ díẹ̀ sí i." Ó jókòó lórí àpótí. Ó ń wo abẹ́rẹ́ náà, èmi ń wo ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, ó dìde. Ó ní, "Ó tó." Mo gbọ́ ìró agogo igi.

Àlàbí ni. Ó ti kúrò nílé láti àkùkọ àkọ́kọ́, eruku bò ó dé orúnkún. Ó fi agogo ajá méjèèjì kọ́ ọrùn ara rẹ̀, ó di ẹran gbígbẹ sínú ewé. Kò kí ẹnikẹ́ni. Ó tú ewé náà síwájú wọn, ó lóṣòó, ó la ẹnu. Ó rọra pè é.

"Ẹniọmọsin."

Etí akọ mì.

Àlàbí nà dìde. Ó dúró bí mo ṣe rò pé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń dúró láàárín agbo ilé, ó gbé ojú sókè, ó pè é tán pátápátá, bí ẹni tó fẹ́ kí gbogbo Kétu gbọ́: "Ẹniọmọsin o! Lóbímọ o!"

Wọ́n dìde. Ẹsẹ̀ abo ń gbọ̀n, ó ṣubú, ó tún dìde. Wọ́n gbóòórùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n gbóòórùn agogo tó wà lọ́rùn rẹ̀. Wọ́n kò wo ẹ̀yìn rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀, wọ́n sì jẹun. Mo gbọ́ bí eyín wọn ṣe ń ró lára ẹran, mi ò tíì gbọ́ orin tó dùn tó bẹ́ẹ̀ rí. Àlàbí wó lulẹ̀ sáàárín wọn, ó ń sunkún bí ọmọdé. "Ó bímọ," ló ń wí. "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ bímọ."

Ṣẹ́fù yí ẹ̀yìn padà. Ó nu awò ojú rẹ̀, ó tún un nù, awò tí kò dọ̀tí. Ó dá abẹ́rẹ́ padà sínú àwo. Ní ọjọ́ Ajé tó tẹ̀ lé e, mo rí ohun tó fi pẹ́ńsù kọ sí ẹ̀gbẹ́ ibi tí ó kà fún mi nínú ìwé ńlá náà: pé ajá Kétu kì í gbó, pé ìyẹn kì í ṣe àìsàn, kí a kọ́kọ́ bèèrè orúkọ rẹ̀. Títí mo fi fẹ̀yìn tì, mi ò tún gún ẹran kan láìbèèrè orúkọ rẹ̀ àti ẹni tó ń pè é. Gbogbo àwọn tí mo kọ́ níṣẹ́ ni mo sì kọ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan fi mí rẹ́rìn-ín. Wọ́n á gbọ́ ọ tó bá yá.

Àlàbí mú wọn lọ sílé. Lẹ́yìn oṣù kan tí ara wọn ti padà, mo lọ fún wọn ní abẹ́rẹ́ tí mi ò rí fún wọn tẹ́lẹ̀. Ìrọ̀lẹ́ ni mo débẹ̀. Ó dúró láàárín agbo ilé, ó pè wọ́n, ìyá arúgbó sì ń rẹ́rìn-ín lẹ́nu ọ̀nà. Mo gún wọn. Wọ́n wò mí tìkà-tẹ̀gbin, bí ìṣe wọn. Mo ṣí kàyé mi, mo kọ orúkọ wọn, mo kọ àwọ̀ wọn.

"Ẹni tó ni wọ́n," ni mo wí, "ṣé kí n kọ Àlàbí?"

Ó gbọn orí. "Ẹ kọ Akàndé."

"Akàndé ti kú."

"Mo mọ̀, Dókítà. Èmi kàn ń bá a pè wọ́n ni."